Ẹnu Ta Ló Ti Jáde? Ìfẹ́ Ara Obìnrin, Ìgbéyàwó àti Ìwé Àwọn Telugu

Ní ọdún 1911, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Madras ní gúúsù Íńdíà nígbà náà fòfin de ìwé ewì kan, àwọn ọlọ́pàá sì lọ palẹ̀ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ lọ́wọ́ àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Ìwé náà kì í ṣe ìwé ọ̀tẹ̀. Kò bú ọba Gẹ̀ẹ́sì, kò sì pe ẹnikẹ́ni sí ogun. Ewì nípa òrìṣà Krishna àti Radha olólùfẹ́ rẹ̀ ni, ẹni tó kọ ọ́ sì ti kú kí wọ́n tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ọlọ́pàá náà. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ ló kún inú rẹ̀. Kí ni ọ̀rọ̀ ìsọkúsọ náà? Obìnrin kan ló sọ ohun tí ara obìnrin ń fẹ́, kò sì fi aṣọ bò ó.

Èdè Telugu ló fi kọ ọ́. Orúkọ yìí lè ṣàjèjì sí yín létí, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ ti jó sí i rí: orin "Naatu Naatu" tó gba àmì-ẹ̀yẹ Oscar ní 2023, Telugu ni. Ọ̀pọ̀ wa tó dàgbà sí ìdí fíìmù Íńdíà rò pé èdè kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń sọ, èyí tí ọkùnrin àti obìnrin fi ń kọrin láàárín òdòdó. Híńdì nìyẹn. Telugu kò bá Híńdì tan rárá. Inú ẹbí èdè gúúsù Íńdíà tí wọ́n ń pè ní Dravidian ló wà, àwọn tó sì ń sọ ọ́ bí èdè abínibí lé ní mílíọ̀nù 80 nígbà ìkànìyàn 2011. Ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh àti Telangana ni wọ́n pọ̀ sí jù, àwọn méjèèjì sì jẹ́ ọ̀kan títí di 2014.

Ohun tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú lítíréṣọ̀ wọn láàmú rèé. Tí ẹ bá ka ewì àtijọ́ wọn, ìfẹ́ ọkùnrin àti obìnrin kún inú rẹ̀ dẹ́nu: ọyàn, ètè, ibùsùn, ìjà owú, gbogbo rẹ̀. Kshetrayya, akéwì ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, fi ohùn obìnrin kọ orin lọ́pọ̀ yanturu, obìnrin tó ń pe olólùfẹ́ wọlé, tó ń bá a jiyàn, tó ń lé e jáde. Olólùfẹ́ náà, òrìṣà ni. Wọ́n ṣì ń kọ àwọn orin wọ̀nyí níbi ijó àti orin iyì títí di òní, kò sì sí ẹni tó ń pe Kshetrayya ní oníṣekúṣe. Ẹ wá ṣí ìwé ìtàn àròsọ àwọn ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá, ẹ ó rí i pé ńṣe ni wọ́n ń lé òǹkọ̀wé kiri nítorí ohun tí kò tó ìdá mẹ́wàá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣé àwọn èèyàn yìí ń tijú ni àbí wọn kì í tijú?

Èsì tí mo rí kò lọ́jú pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kọ́ ni wọ́n ń bínú sí, ẹnu tó ti jáde ni. Tí ọkùnrin bá gbé ohùn obìnrin wọ̀ bí ẹ̀wù, tó ní "ara mi ń fẹ́ ọ", iṣẹ́ ọnà ni. Tí obìnrin bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ó di ìríra. Ẹ fi ìyẹn sọ́wọ́, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ.

(Ọ̀rọ̀ tèmi náà ní ìṣòro tirẹ̀. Yorùbá tí a fi ń kọ irú nǹkan báyìí lónìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ ló gba ilé ìsìn kọjá kó tó dé ẹnu wa: ìfẹ́kùfẹ̀ẹ́, ìṣekúṣe, àgbèrè. Ẹjọ́ ti dá tán nínú ọ̀rọ̀ náà kí olùfisùn tó dé. Nítorí náà "ìfẹ́ ara" ni màá máa lò níbí. Kò dùn létí tó, ṣùgbọ́n kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.)

Èyí tó lọ́kọ kò kàwé, èyí tó kàwé kò lọ́kọ

Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Telugu, pàápàá láàárín àwọn Brahmin, ìran àlùfáà tí wọ́n gbà pé àwọn ló ga jù láwùjọ, illalu ni orúkọ ìyàwó ilé. Wọ́n ti fi í fún ọkọ kó tó mọ ọwọ́ òtún yàtọ̀ sí òsì. Ìwé kíkà kì í ṣe tirẹ̀. Bí ọkọ bá kú, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ni ìyàwó náà, opó ni títí ọjọ́ ikú: wọ́n á fá irun rẹ̀, wọ́n á bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀, aṣọ aláràbarà di èèwọ̀. Níbí ni kí Yorùbá ti ṣọ́ra, torí tiwa yàtọ̀. Ní tiwa, ohun tó máa ń pa opó lẹ́kún nígbà mìíràn ni pé wọ́n fẹ́ ṣú u lópó fún ẹni tí kò wù ú. Ní tiwọn, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ mọ́ láyé. Bí ìyàwó bá sì jẹ́ ẹni tó kú ńkọ́? Ọkọ lè lọ fẹ́ ọmọdé mìíràn, kò sí ẹni tó máa fá irun tirẹ̀.

Àwọn obìnrin mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní devadasi, ìyẹn ìrànṣẹ́bìnrin òrìṣà. Ẹ má kánjú pè wọ́n ní aṣẹ́wó. Wọ́n bí wọn sí iṣẹ́ orin àti ijó, ní tẹ́ńpìlì àti ní ààfin. Òrìṣà lọkọ wọn, ọkùnrin ọlọ́lá ló ń tọ́jú wọn. Wọ́n ń kàwé, wọ́n ń kọ ewì, wọ́n lè ní ilé àti ilẹ̀ lórúkọ ara wọn, ọmọbìnrin wọn sì lè jogún rẹ̀. Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́. Obìnrin tó lọ́kọ kò ní ohùn, èyí tó ní ohùn kò lè lọ́kọ. Ọkùnrin kan náà ló ń ti ilé èkíní lọ sí ilé èkejì, orúkọ kan ṣoṣo ló sì ń jẹ́ níbi méjèèjì.

Muddupalani, ẹni tí àwọn ọlọ́pàá kó ìwé rẹ̀, devadasi ni. Ààfin Thanjavur ló wà nígbà ọba Pratapasimha, tó jọba láti 1739 sí 1763. Ilẹ̀ Tamil ni Thanjavur, ṣùgbọ́n Telugu ni èdè tí àwọn akéwì ààfin ń lò. Ìwé rẹ̀ ń jẹ́ Radhika Santvanam, ìyẹn bí wọ́n ṣe pẹ̀tù sí Radha nínú. Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ila tí Radha tọ́ dàgbà. Radha fọwọ́ ara rẹ̀ fà á fún Krishna pé kó fẹ́ ẹ, Krishna tó jẹ́ olólùfẹ́ òun fúnra rẹ̀. Ó kọ́ ọmọ náà ní ohun tó yẹ kó mọ̀ lálẹ́ ìgbéyàwó, ó sì kìlọ̀ fún Krishna pé kó rọra. Ìgbà tó ṣe tán, owú gbé e dè. Ẹni tó kọ́ orogún ní iṣẹ́ wá ń fi ẹkún sùn. Ó bínú, ó ti Krishna sẹ́yìn, òrìṣà wá ń bẹ obìnrin. Ẹni tó bá ti rí ìyálé tó bá ọkọ rẹ̀ wá ìyàwó kò nílò kí n túmọ̀ èyí fún un.

Nínú ìwé náà, obìnrin kì í dúró de kí wọ́n ṣe é lóore. Òun ló ń na ọwọ́, òun ló ń sọ bó ṣe fẹ́ ẹ. Muddupalani sì fi orúkọ àwọn obìnrin ìdílé rẹ̀ yangàn ní ìbẹ̀rẹ̀ ìwé, bí akéwì ọkùnrin ṣe máa ń fi ti bàbá rẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, kò sí ẹni tó gbé e lọ sílé ẹjọ́. Lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ó lé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹni tó sì dá a sílẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù.

Kandukuri Veeresalingam (1848–1919) ni. Tí ẹ bá béèrè lọ́wọ́ ọmọ Telugu èyíkéyìí pé ta ló jà fún àwọn obìnrin wọn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n á kọ́kọ́ dá. Òfin tó gba opó láyè láti fẹ́ ọkọ mìíràn ti wà láti 1856, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó láyà. Veeresalingam ló dá a láṣà: ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá 1881, ní ìlú Rajahmundry, ó ṣe ìgbéyàwó opó àkọ́kọ́ nílẹ̀ Telugu, àwọn Brahmin ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ta á nù. Akíkanjú èèyàn ni, mi ò ní gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé àwọn akéwì Telugu, tó dé orí Muddupalani, panṣágà ló pè é. Ó ní púpọ̀ nínú ìwé náà ni kò yẹ kí obìnrin fetí gbọ́, ká má tilẹ̀ sọ pé kó ti ẹnu obìnrin jáde.

Ẹnu obìnrin. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́.

Ẹni tó dá a lóhùn ni Bangalore Nagarathnamma (1878–1952), devadasi òun náà, ọ̀kan nínú àwọn olórin tó lókìkí jù ní Madras. Ẹ̀dà ìwé Muddupalani tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́wọ́ ni wọ́n ti gé nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ó wá ògidì rẹ̀ rí, ó fi í wé ti àkọ́kọ́, ó sì tún un tẹ̀ jáde ní 1910 pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìṣáájú tó gbóná. Ìbéèrè rẹ̀ rọrùn: ṣé obìnrin nìkan ni ìtìjú wà fún ni? Ó tọ́ka sí ìwé àwọn ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ inú wọn gbóná ju ti Muddupalani lọ, tí Veeresalingam kò sì rí àléébù kankan lára wọn. Lọ́dún kejì ni ìjọba fòfin de ìwé náà. Ó di 1947 kí wọ́n tó gbé òfin náà kúrò. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin wọ̀nyí san ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà tán, wọn ò sì pa ẹnu dé.

Báwo lẹni tó jà fún opó ṣe lè bú akéwì? Ìyàwó irú tuntun ni àwọn alátùn-únṣe ìgbà náà ń wá: ẹni tó kàwé díẹ̀, tó lè bá ọkọ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n tí kò ní ìfẹ́ kankan ju ti ọkọ rẹ̀ lọ. Kí irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ tó lè wà, ẹni tó ti ń kàwé tẹ́lẹ̀, tó ń kọrin, tó mọ ohun tó fẹ́, gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Wọ́n gba opó là, wọ́n sì lé olórin jáde, ọwọ́ kan náà ni wọ́n fi ṣe méjèèjì.

Níbo lowó ń lọ?

Eré oníṣe tó gbajúmọ̀ jù ní Telugu ń jẹ́ Kanyasulkam. Gurajada Apparao ló kọ ọ́. Wọ́n kọ́kọ́ ṣe é ní 1892 ní Vizianagaram, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní 1897, ó sì tún un kọ ní 1909 tó fi gùn sí i. Tí a bá fẹ́ túmọ̀ orúkọ náà, "owó orí ọmọbìnrin" ni, Yorùbá tó bá gbọ́ ọ lè sọ pé kí ló burú nínú ìyẹn. Ó burú gan-an ni. Àwọn bàbá Brahmin kan ló ń gba owó lórí ọmọ jòjòló lọ́wọ́ arúgbó tó ń wá ìyàwó. Gurajada sọ nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ pé ọba Vizianagaram ní kí wọ́n ka irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ tó wáyé ní agbègbè Visakhapatnam láàárín ọdún mẹ́ta, wọ́n sì rí 1,034. Nínú wọn ni a ti rí ọmọbìnrin mẹ́ta tó jẹ́ ọmọ ọdún kan péré. Arúgbó á kú, ọmọ á di opó kó tó mọ ohun tí ọkọ jẹ́.

Ohun kan wà tó máa ń da èèyàn rú níbí. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ní Íńdíà, ìdílé obìnrin ló ń sanwó fún ìdílé ọkọ. Òótọ́ ni, katnam ni wọ́n ń pè é ní Telugu, òfin sì ti kà á léèwọ̀ láti 1961, síbẹ̀ wọn ò ṣíwọ́. Àwọn méjèèjì ló wà, ìran sí ìran, ìgbà sí ìgbà, katnam ló sì borí níkẹyìn. Nítorí náà bí ẹ bá ka ìtàn 1892, bàbá ìyàwó ló ń rí owó kó sápò. Bí ẹ bá ka ti 1970, bàbá ìyàwó kan náà ló jẹ gbèsè. Owó yí ìdí padà, ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kankan tó gba ọwọ́ ọmọbìnrin náà kọjá.

Nínú eré yìí, Girisam ni ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tú Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu, tó ń wàásù pé kí opó máa fẹ́ ọkọ, kí wọ́n lé gbogbo olórin jáde nílùú. Ilé olórin kan tó ń jẹ́ Madhuravani ló ti ń jẹun. Nígbà tó wá dé ilé kan tí opó ọ̀dọ́ wà, Buchamma, ìwàásù àtúnṣe ló fi tàn án kó bá òun sá lọ. Gurajada kò sọ pé àtúnṣe burú, ó kàn fi hàn pé ọ̀rọ̀ àtúnṣe náà lè di ọ̀nà tí ọkùnrin fi ń wọ yàrá. Ní 1910 ló tún kọ ìtàn kúkúrú kan, Diddubatu, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí ìtàn kúkúrú òde òní àkọ́kọ́ ní Telugu. Ọkọ ń pẹ́ níta lọ́dọ̀ àwọn oníjó; ó délé lálẹ́ ọjọ́ kan, ó bá lẹ́tà pé ìyàwó òun ti kó lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ó ń bẹ Ọlọ́run, ó ń ṣèlérí. Ìyàwó wà lábẹ́ ibùsùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ ló tú u fó. Ìtàn dídùn ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: ọkọ ṣàìdáa, ẹ̀rín ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ká ní ìyàwó ló ń pẹ́ níta ńkọ́?

Rajeswari kò tọrọ àforíjì

Ẹni tó kọ ìtàn irú ìyàwó bẹ́ẹ̀ ni Gudipati Venkata Chalam (1894–1979), olùkọ́ tó padà di alábẹ̀wò ilé ìwé. Ìwé rẹ̀ Maidanam jáde ní ìparí àwọn ọdún 1920. Maidanam ni pápá, ilẹ̀ gbalasa. Rajeswari, obìnrin Brahmin, ìyàwó lọ́yà, fi ilé ọkọ sílẹ̀ ó bá Amir, ọkùnrin Mùsùlùmí, lọ gbé ní pápá létí odò. Kì í ṣe ebi ló lé e, kì í ṣe ogun. Ara rẹ̀ fẹ́ ẹ ni, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ohùn Rajeswari ni gbogbo ìwé náà. Ẹ fojú inú wò ó bí èyí ṣe bọ́ sí etí àwọn èèyàn ìgbà yẹn: ìran, ẹ̀sìn, ìgbéyàwó, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló fi tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ìdílé ń fi ìwé Chalam pamọ́ fún ọmọ wọn, àwọn ọmọ sì ń wá a kà ní ìkọ̀kọ̀. Láwùjọ, wọ́n yà á sọ́tọ̀ bí adẹ́tẹ̀. Ní 1950 ó kó lọ sí Tiruvannamalai, lọ́dọ̀ ẹni mímọ́ tí wọ́n ń pè ní Ramana Maharshi, ibẹ̀ ló sì kú sí.

Òfin ìgbà náà jẹ́ kí n túbọ̀ mọ rírì Rajeswari. Abala 497 nínú òfin ìwà ọ̀daràn Íńdíà, tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1860, sọ pé tí ọkùnrin bá bá ìyàwó oníyàwó lò láìgba àṣẹ ọkọ, ọkùnrin náà lọ sẹ́wọ̀n. Obìnrin ńkọ́? Òfin kò fìyà jẹ ẹ́. Àwọn kan pe ìyẹn ní àánú. Ẹ tún un kà: bí ọkọ bá ti gbà, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìyàwó náà kò sì lè pe obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ń yan lálè lẹ́jọ́. Bí ẹni jí ewúrẹ́ èèyàn ni. Wọn kì í bi ewúrẹ́ bóyá ó fẹ́ lọ. Lójú òfin yìí, Amir ló jí Rajeswari gbé. Rajeswari tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, òfin kò rí i. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2018 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà tó wọ́gi lé abala náà.

Síbẹ̀ mi ò ní kan sáárá sí Chalam títí kí n gbàgbé ìbéèrè mi. Ọkùnrin lòun náà. Rajeswari jáde lábẹ́ ọkọ kan, abẹ́ ọkùnrin mìíràn ló wọ̀, Amir náà sì fi ara rẹ̀ hàn: ojú rẹ̀ lọ sára obìnrin mìíràn, kò sì fẹ́ oyún tí Rajeswari ní. Òmìnira tí Chalam lè fojú inú rí fún obìnrin kò kọjá àyà ọkùnrin tó dùn ún mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn obìnrin òǹkọ̀wé tó tẹ̀lé e gbà pé òun ló ṣílẹ̀kùn. Wọn ò sọ pé ibi tó dúró sí ni kí àwọn náà dúró.

Láàárín ọdún 1960 sí 1980, obìnrin gbórí ọjà. Ìwé ìròyìn ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń tẹ ìtàn àròsọ wọn díẹ̀díẹ̀, àwọn ìyàwó ilé sì ń dúró dè é. Yaddanapudi Sulochana Rani ni ọba wọn. Ìwé rẹ̀ Secretary, nípa ọmọbìnrin tálákà tó ń ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá tó lówó tó sì dára lọ́kùnrin, di fíìmù ní 1976. Ọ̀pọ̀ alárìíwísí fojú tẹ́ńbẹ́lú irú ìwé wọ̀nyí. Èmi ò bá wọn fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọmọbìnrin tó ní "rárá" fún ọ̀gá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó ní "bẹ́ẹ̀ ni" lẹ́ẹ̀kan, ohùn díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ohùn ni. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ìwé obìnrin tà débi tí àwọn ọkùnrin kan fi ń fi orúkọ obìnrin kọ̀wé.

Nígbà tí ọkọ kì í ṣe èèyàn burúkú

Volga ni orúkọ tí P. Lalita Kumari, tí wọ́n bí ní 1950, fi ń kọ̀wé. Ìwé rẹ̀ Swechcha, ìyẹn òmìnira, jáde ní 1987, ó sì dá àríyànjiyàn tó pọ̀ sílẹ̀. Aruna fẹ́ ẹni tó wù ú, torí ó rò pé ilé ọkọ ni yóò ti bọ́ lọ́wọ́ ìkálọ́wọ́kò ilé bàbá. Ọkọ náà kì í ṣe ọ̀mùtí tàbí aluni, ọkọ bí ọkọ ni: ó fẹ́ mọ ibi tí ìyàwó ń lọ, ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀, ohun tó ń fi àkókò rẹ̀ ṣe. Aruna fi í sílẹ̀. Ohun tó bí àwọn òǹkàwé nínú nìyẹn. Bí ó bá ti ń lù ú ni, gbogbo ayé ì bá káàánú rẹ̀. Láwùjọ tiwọn, wọ́n lè dárí ji obìnrin tó sá nítorí ìrora; èyí tó lọ nítorí pé ó fẹ́ nǹkan mìíràn ni wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa fi í sí.

Ṣùgbọ́n Vimukta, àkójọ ìtàn kúkúrú tó fi gba àmì-ẹ̀yẹ Sahitya Akademi, àjọ lítíréṣọ̀ orílẹ̀-èdè Íńdíà, ní 2015, ni mo fẹ́ràn jù. Ó padà sí Ramayana, ìtàn ńlá tí ọmọ Íńdíà fi ń mọ ìyàwó rere. Sita ni ìyàwó rere náà. Ọba kan tó ń jẹ́ Ravana jí i gbé. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ Rama gbà á padà, ó ní láti la iná kọjá kí ayé lè mọ̀ pé kò bá a sùn. Rama náà dá gbé fún gbogbo àsìkò yẹn. Kò sí ẹni tó dáná fún òun.

Nínú ìwé Volga, Sita pàdé àwọn obìnrin tí ìtàn ti pa tì. Surpanakha jẹ́ ẹ̀gbọ́n-tàbí-àbúrò Ravana tó rí Rama nínú igbó, tó sì sọ fún un ní gbangba pé òun fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n gé imú àti etí rẹ̀. Ìdí tí ìtàn àtijọ́ fi ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀ ni pé iwin obìnrin ni. Volga jẹ́ kí Sita bá a lẹ́yìn ọdún púpọ̀ nínú ọgbà òdòdó tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbìn, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó sì ní ọkùnrin tó ń bá a gbé láìka imú sí. Ó tún pàdé Ahalya, ẹni tí òrìṣà Indra gbé àwọ̀ ọkọ rẹ̀ wọ̀ láti bá sùn. Gbogbo ayé ti fi ẹgbẹ̀rún ọdún jiyàn lórí rẹ̀: ṣé ó mọ̀ ni, àbí kò mọ̀? Ahalya Volga kò dáhùn. Ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ ló kọ̀, ó sì gba Sita nímọ̀ràn pé kò gbọ́dọ̀ gbà láéláé kí ẹnikẹ́ni dán an wò. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yé mi pé èmi náà ti ń dúró de èsì.

Àwọn obìnrin mìíràn kò sọ ti ibùsùn rárá, ibi kan náà ni wọ́n sì dé. P. Sathyavathi kọ ìtàn ìyàwó ilé kan tó ń nu ilẹ̀ lọ́jọ́ kan tó wá rí i pé òun ti gbàgbé orúkọ òun. Ìyá ni wọ́n ń pè é, ìyàwó lágbájá ni, orúkọ ti nù. Ó wá a kiri títí tó fi pàdé ọ̀rẹ́ ilé ìwé kan tó pè é ní Sarada. Ó padà sílé ó ní kí ọkọ máa pe òun bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin "Ìyá Bọ́lá" tó ń kà èyí, ẹ kú ìfaradà. Abburi Chayadevi sì fi obìnrin wé igi inú ìkòkò tí wọ́n ń gé gbòǹgbò rẹ̀ kó má baà ga. Igi tó rẹwà ni, àmọ́ tí ìjì bá dé, èèyàn ló ń gbé e wọlé.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn obìnrin Dalit dé, àwọn tí ìran tó kù kà sí aláìmọ́, wọ́n sì bi gbogbo wọn ní ìbéèrè tó le. Ilé wo lẹ ní kí a jáde kúrò nínú rẹ̀? Àwa kò fìgbà kan rí wà nínú ilé. Oko ni ìyá wa ń lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ní abúlé Telangana, wọ́n ń fa ọmọbìnrin Dalit kalẹ̀ fún òrìṣà abúlé, wọ́n á pè é ní jogini. Kò ní lọ́kọ, gbogbo ọkùnrin tó lágbára ládùúgbò sì ni wọ́n gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Òfin dè é ní 1988. Gogu Shyamala, òǹkọ̀wé Dalit, kọ ìtàn bàbá kan tó ń sa gbogbo ipá rẹ̀ kí wọ́n má fi ọmọ rẹ̀ ṣe jogini, ohun tó sì fi gbà á là ni ilé ìwé. Obìnrin Brahmin ń jà kó lè sọ "mo fẹ́". Obìnrin Dalit ń jà kó lè sọ "mi ò fẹ́", kí ọ̀rọ̀ náà sì mú.

Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kà, Kanyasulkam àti Vimukta ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Kanyasulkam ni kí ẹ kọ́kọ́ mú, torí ẹ̀rín inú rẹ̀. Tí ẹ bá ti ń dé òpin, ẹ ó rí lọ́yà kan, Saujanya Rao, ọmọlúàbí èèyàn, tó ti búra pé ojú òun kò ní bá ti olórin pàdé láé. Madhuravani wọ aṣọ ọkùnrin lọ bá a, ó bá a yanjú ẹjọ́ tó ti sú u, ó sì tú àṣírí Girisam. Ẹnu kíkò kan ṣoṣo ló ní kó fi san owó iṣẹ́ òun. Lọ́yà rò ó, ó rò ó, ó fẹ́ san án. Madhuravani fà sẹ́yìn. Ó ní ìyá òun ti kìlọ̀ fún òun pé òun kò gbọ́dọ̀ ba ẹni tí kò tíì bàjẹ́ jẹ́.